Ẹyin ìjàpá òkun létí òkun Òde-Omi: ṣé ká kó o ni, àbí ká ṣọ́ ọ síbi tó wà?

Ọmọ Waterside

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọ̀dọ́ àti àwọn apẹja láti Òde-Omi dé Mákùn-Omi, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìjàpá òkun láti ìgbà ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí. Nǹkan bí oṣù kẹsàn-án ló ti máa ń gòkè wá yé sí iyanrìn lóru, títí wọ oṣù kẹta. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n á ti wú ẹyin náà lọ. Èyí tí èèyàn ò bá wú, ajá á wú u.

Àwọn kan nínú wa ní ká máa kó gbogbo ẹyin tá a bá rí lọ sínú ọgbà kan láàárín ìlú, ká rì í mọ́ iyanrìn níbẹ̀ títí tó fi máa pa. Àwọn àgbà apẹja ní ẹyin ìjàpá tí wọ́n bá gbé kiri kì í pa. Ta ló tọ̀nà? Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà míì a máa ń rí ipasẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ lórí iyanrìn, ṣùgbọ́n a ò ní rí ẹyin kankan: báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó yé tàbí kò yé? Ìkẹta, tí àwọ̀n bá gbé ìjàpá tó dà bíi pé ó ti kú, kí ló yẹ ká ṣe?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó kọ ọ́ yékéyéké. Owó wa ò pọ̀, a ò sì ní ẹ̀rọ kankan.

Tíṣà Bàọ́lọ́jì

Àwọn àgbà apẹja yín tọ̀nà. Ìdí rẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí kò ní ṣe é láṣìṣe.

Adìyẹ a máa yí ẹyin rẹ̀ síbí sọ́hùn-ún, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Ti ìjàpá kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí ẹyin bá bọ́ sílẹ̀, ọlẹ̀ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èèpo láti inú, lápá òkè. Bí ẹ bá yí ẹyin náà padà lẹ́yìn ìyẹn, tàbí tí ẹ gbé e sórí ọ̀kadà tó ń jó lórí ọ̀nà tí kò dáa, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó so ọlẹ̀ mọ́ èèpo á ya, ọlẹ̀ á sì kú. Lójú, ẹyin ṣì funfun, ó ṣì dáa. Oṣù méjì ẹ ó fi máa ṣọ́ òkú.

Ẹ tún wo ti ooru. Nígbà tí ìjàpá yé ẹyin, ẹyin náà kò tíì ní akọ tàbí abo. Bí iyanrìn ṣe gbóná tó láàárín ìgbà tó wà nílẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Ní nǹkan bí 29 dígíríì Celsius, akọ àti abo á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba; tó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, abo ló máa pọ̀; tó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, akọ. Tó bá sì wà ní 34 sókè fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á máa kú sínú èèpo. Iyanrìn tí ẹ kó sáàárín ògiri bulọ́ọ̀kù nínú ìlú kò lè ní ooru kan náà pẹ̀lú iyanrìn etí òkun tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí ìrì ń sẹ̀ sí lóru.

Nítorí náà, ìtẹ́ tó bá wà lókè ibi tí omi ń dé, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kìkì èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni kí ẹ gbé. Pàǹtí tí òkun ń tò sílẹ̀ lásìkò oṣù àrànmọ́jú tàbí nígbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni kí ẹ fi ṣe ìlà, torí ìgbà méjèèjì yẹn ni omi máa ń gòkè jù. Pàǹtí àná kò tó ẹ̀rí.

Bí gbígbé bá pọn dandan, òru yẹn kan náà ni, kó má sì ju wákàtí 6 lọ lẹ́yìn tó yé e tán. Ẹ fọ ọwọ́ yín mọ́. Ọwọ́ tó ní ìpara, òògùn ẹ̀fọn tàbí kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ bu iyanrìn tútù láti inú ihò yẹn gan-an sí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ mú ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan, apá tó kọjú sókè nínú ihò ni kó kọjú sókè nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá ti to ó tán, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ. Ihò tuntun gbọ́dọ̀ rí bí akèrègbè, kí ọrùn rẹ̀ rí tóóró, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀. Fún olive ridley, irú ìjàpá òkun kékeré kan, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 45. Fún ìjàpá ńlá aláwọ, tí kò ní ìkarahun líle, kó tó 75. Iyanrìn tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i, kí gbígbẹ wà lókè, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láéláé.

Ìjàpá aláwọ a tún máa yé àwọn ẹyin kéékèèké tí kò ní pupa nínú sí orí àwọn ẹyin gidi. Wọn ò ní pa. Ẹ ṣáà dá wọn padà sókè níbi tí ẹ ti bá wọn.

Akẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Tíṣà ti sọ ti ẹyin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ipasẹ̀.

Ẹ gbé tépù dání. Ipasẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 70 sí 80, tí àmì ọwọ́ ọ̀tún àti tòsì ń gba ara wọn ṣe, ti olive ridley ni. Òun ló wọ́pọ̀ jù létíkun wa. Èyí tó fẹ̀ ju mítà kan lọ, tí àmì ọwọ́ méjèèjì dọ́gba síra wọn, tí kòtò ńlá sì wà níbi tó ti dúró, ti green turtle ni, irú ìjàpá òkun mìíràn. Tó bá fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀ sí méjì, ìjàpá aláwọ ló kọjá. Olive ridley fúyẹ́, ó sì máa ń fi àyà rẹ̀ lu iyanrìn kó lè tẹ́jú lẹ́yìn tó bá yé tán. Ìdí nìyẹn tí ìtẹ́ rẹ̀ fi ṣòroó rí.

Ipasẹ̀ tó gòkè, tó yí po, tó sì padà sómi láìsí ibi tí iyanrìn ti rú: ó padà láìyé ni. Iná, ariwo tàbí ajá ló lé e. Ẹ má wú ibẹ̀ kiri. Ó ṣeé ṣe kó padà wá lóru yẹn tàbí lóru kejì, nítòsí ibẹ̀, bí ilẹ̀ bá pa rọ́rọ́.

Ohun tó ń ba ìtẹ́ jẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe rere ni igi tí wọ́n fi ń gún iyanrìn wá ẹyin. Ẹyin kan ṣoṣo tó bá fọ́, òórùn rẹ̀ á pe akàn, eèrà àti awọ́nrínwọ́n wá bá gbogbo ìyókù. Ohun tó dára jù ni kí ẹ bá a níbi tó ti ń yé. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má tan iná rárá títí ẹyin á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í sábà dáwọ́ dúró mọ́. Ìgbà yẹn lẹ lè fi tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ọ̀rá pupa dì lójú wò ó láti ẹ̀yìn. Ẹ má tan fláàṣì fóònù rárá.

Lẹ́yìn tó bá padà sómi, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ gbá ipasẹ̀ rẹ̀ dà nù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má ri àsíá tàbí igi mọ́ orí ìtẹ́. Àwọn tó ń wú ẹyin lẹ ń fọ̀nà hàn yẹn. Ẹ ri ọ̀pá méjì sókè níbi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mítà 10. Ẹ wọn bí ìtẹ́ ṣe jìnnà sí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé. Ẹni tó bá ní ìwé nìkan ló lè rí i. Èèyàn méjì péré ni kí ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn.

Fún ajá àti ẹlẹ́dẹ̀, ẹ fi ọparun hun pẹpẹ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó, kí ojú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ lórí ìtẹ́. Ọmọ ìjàpá á gba ojú rẹ̀ kọjá, ajá ò ní lè gbẹ́ ẹ. Ẹ má lo àwọ̀n ẹja, yóò dè wọ́n. Mi ò fara mọ́ wáyà onírin náà, torí agbára òòfà ilẹ̀ ayé wà lára ohun tí ọmọ ìjàpá fi ń mọ ọ̀nà, irin sì lè dà á rú.

Mi ò gbà pẹ̀lú Tíṣà níbì kan. Etíkun tí wọ́n ti ń wú ìtẹ́ lóru lóru, tí ẹ fi í síbi tó wà láìsí olùṣọ́, ẹ fi jì wọ́n ni. Bí èèyàn yín ò bá tó láti ṣọ́ gbogbo etíkun, ọgbà ẹyin ló kù.

Tíṣà Bàọ́lọ́jì

Akẹ́ja, mo gba ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ọgbà yẹn gbọ́dọ̀ wà létí òkun kan náà, lórí iyanrìn kan náà, lókè ibi tí omi ń dé. Ìlú ni mo kọ̀. Kí ìtẹ́ kan jìnnà sí èkejì ní mítà kan, kí ọgbà ọparun wọlẹ̀ tó ààbọ̀ mítà nítorí akàn àti ajá, kí ẹnì kan sì sùn síbẹ̀ lálaalẹ́. Lọ́dọọdún ni kí ẹ ṣí i lọ síbòmíì, torí ẹyin tó bá rà sílẹ̀ máa ń fi ìdin àti olú sínú iyanrìn, ti ọdún kejì ló sì máa jìyà rẹ̀. Tí àwọn ọmọ bá sì jáde, ẹ tú wọn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, níbi tó yàtọ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń tú wọn síbì kan náà, ẹja ńlá á mọ ibẹ̀, á sì máa dúró dè wọ́n.

Ẹ má fi ọmọ ìjàpá sínú abọ́ omi kí àwọn ọmọ iléèwé lè wò ó. Agbára tó fi ń jáde látinú èèpo ni yóò fi lúwẹ̀ẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ kan gbáko kó tó jìnnà sí etíkun. Èyí tó bá ná an tán sínú abọ́, ìgbì á dá a padà fún ẹyẹ. Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lórí iyanrìn lọ sómi.

Ọmọ Waterside

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun méjì ló kù. Ilé àdúrà kan wà létí òkun tó máa ń tan iná jẹnẹrétọ̀ mọ́jú. Ṣé ó ń ṣe nǹkan kan? Àti pé, àwọn tó ń ta ẹyin àti ẹran ìjàpá, kí la máa fi rọ́pò rẹ̀ fún wọn?

Dókítà Ẹran

Iná yẹn ń pa wọ́n. Òru ni ọmọ ìjàpá máa ń jáde, nígbà tí iyanrìn bá tutù, ibi tí ojú ọ̀run bá ti mọ́lẹ̀ jù ló sì máa ń kọjú sí. Tí kò bá sí iná, òkun ni. Tí iná bá wà ní ilé àdúrà, ilé àdúrà ni wọ́n á lọ, oòrùn á sì bá wọn níbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ má ní kí wọ́n dá ìsìn dúró. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí glóòbù kọjú sí ìlú, kí wọ́n fi páànù bò ó lápá òkun, kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi glóòbù pupa tàbí aláwọ̀ ọsàn rọ́pò funfun. Páànù kan péré tó.

Ní ti ìjàpá tó wà nínú àwọ̀n: afẹ́fẹ́ ló ń mí bíi tiwa, omi ló mu yó. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n rò pé ó ti kú, kò tíì kú. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ ọ; ẹ di ìkarahun mú níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ dojú àyà rẹ̀ dé pákó, kí ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30 lórí táyà tàbí pákó, kí omi lè ṣàn jáde látinú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ fi aṣọ tútù bo ìkarahun, ẹ má bo ihò imú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka kan etí ojú rẹ̀ tàbí ìrù rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá gbọ̀n, ó ṣì wà. Ẹ dúró dè é títí di wákàtí 24 kí ẹ tó ní ó ti kú.

Ẹ má dá a dojú sókè. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ láyà. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu. Bó bá gbé ìwọ̀ mì, ẹ má fà á. Ẹ gé okùn rẹ̀ níbi tó sún mọ́ ẹnu jù. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ má ṣiṣẹ́, kó sì jìnnà sí àwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí ìyá ọlọ́mọ gbọ́: ẹran ìjàpá òkun lè ní májèlé nínú, pàápàá ti hawksbill, irú ìjàpá òkun tí ẹnu rẹ̀ rí bíi ti àṣá. Sísè àti yíyan kò pa á. Ó ti pa èèyàn ní onírúurú orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọdé ló ń kú jù, ó sì ti dé ara ọmọ ọwọ́ láti inú ọmú ìyá tó jẹ ẹ́. Èèyàn kò lè fi ojú dá èyí tó ní in mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Èyí tó bá kú, ẹ sin ín.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìwòpin

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn lórí ti owó, torí ibẹ̀ ni irú ètò báyìí ti máa ń fọ́. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ wàásù.

Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá gbé ìjàpá wá. Tí ẹ bá san lónìí, ọ̀la ni wọ́n á lọ dẹ àwọ̀n fún un. Ìdí tí apẹja fi ń pa á ni pé ó ya àwọ̀n òun, ó sì gbọ́dọ̀ rí nǹkan mú padà sílé. Àwọ̀n yẹn ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ ra okùn àwọ̀n, abẹ́rẹ́ àwọ̀n, fọ́ọ̀mù àti òjé pa mọ́ sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Ẹni tó bá gé àwọ̀n rẹ̀ láti tú ìjàpá sílẹ̀, tí ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ sì jẹ́rìí sí i, kí wọ́n wọn ibi tó ya, kí wọ́n fún un ní okùn tó tó o. Ohun tó pàdánù ló gbà, kò jèrè lé e, torí náà kò sẹ́ni tó máa lọ dẹ ẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ibi tí ẹyin máa ń wà, tí wọ́n ń wú u tà, àwọn gan-an ni kí ẹ gbà sí iṣẹ́ ìṣọ́ òru, kí ẹ máa sanwó fún wọn lóṣooṣù láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejì. Ojú wọn ló mọ ìtẹ́ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn nínú régbérégbé n'Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó náwó Ojúde Ọba tán. Tọ́ọ̀ṣì, bàtà òjò, ìwé àti owó òru fún èèyàn mẹ́rin kò tó owó aṣọ kan.

Ẹ sì gbàgbé ọ̀rọ̀ "a máa fà yín fún ọlọ́pàá" lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òfin wà lóòótọ́, láti ọdún 1985 ni òfin Nàìjíríà ti dáàbò bo irú ẹranko tó fẹ́ẹ́ parun báyìí. Àmọ́ ẹnu Ọba àti Baálẹ̀ ni kí èèwọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú ìtanràn tí ìlú fúnra rẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ẹ pe àwọn ará Ìlàjẹ tó ń pẹja níbẹ̀ sí ìpàdé yẹn. Bí èèwọ̀ bá dé láìsí wọn níbẹ̀, wọn ò ní kà á sí tiwọn.

Akẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Mọ̀mọ́, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti trọ́là kún un, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nínú òkun, torí apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré nìkan kọ́ ló ń pa wọ́n. Òfin ẹja òkun ọdún 1992 sọ pé trọ́là ò gbọdọ̀ fa àwọ̀n láàárín máìlì òkun 5 sí etíkun, ìyẹn ju kìlómítà 9 lọ. Bí ọkọ̀ yín ò bá tíì jìnnà sí etíkun tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì lè ka nọ́ńbà ara rẹ̀ láti inú ọkọ̀ yín, ó ti sún mọ́ jù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí fóònù kọ ibi tí ẹ wà àti aago sí i, kí ẹ kó o jọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹja ìjọba. Ẹ̀sùn tí kò ní nọ́ńbà ọkọ̀ nínú, inú fáìlì ló máa kú sí.

Àti iyanrìn. Iyanrìn etíkun tó bẹ̀rẹ̀ láti Àgbádárìgì kò lọ títí. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ Ìlàjẹ, ẹrọ̀fọ̀ ni, ìjàpá kò sì lè yé sínú ẹrọ̀fọ̀. Èyí tí ẹ ní ló kù lápá ibẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ń fi típà kó o lọ mọ bulọ́ọ̀kù, ìtẹ́ ọdún mélòó kan ló ń kó lọ. Ẹ ka ìyẹn mọ́ èèwọ̀ Ọba.

Ọmọ Waterside

A ti tẹ gbogbo èyí sórí ìwé, a máa kà á fún ìpàdé ẹgbẹ́ apẹja. Tíṣà, kí ni ká máa kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ gan-an?

Tíṣà Bàọ́lọ́jì

Ìlà kan fún ìtẹ́ kan: ọjọ́ àti aago tó yé, fífẹ̀ ipasẹ̀, bí ìtẹ́ ṣe jìnnà sí ọ̀pá méjèèjì, bóyá ẹ gbé e tàbí ẹ fi í síbẹ̀, iye ẹyin tí ẹ bá gbé e. Olive ridley sábà máa ń yé nǹkan bí 100. Ẹ ka ọjọ́ 45 síwájú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Ó lè tó 60 kí wọ́n tó jáde, ti ìjàpá aláwọ sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Tí iyanrìn orí ìtẹ́ bá jìn sísàlẹ̀ díẹ̀ lójijì, àwọn ọmọ ti ń gòkè bọ̀ nìyẹn, ó lè jẹ́ òru yẹn tàbí òru kejì.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, ẹ dúró ọjọ́ 3 kí àwọn tó pẹ́ lẹ́yìn lè jáde, kí ẹ tó wú ihò náà. Ẹ ka èèpo tó ṣí, ẹyin tí kò pa, àti ọmọ tó kú sínú ihò, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹyin tí kò pa bá pọ̀ nínú ìtẹ́ tí ẹ gbé, tí kò sì pọ̀ nínú èyí tí ẹ fi síbẹ̀, ọwọ́ tí ẹ fi ń gbé e ni kí ẹ tún wò. Bó bá pọ̀ nínú méjèèjì, ẹ wo omi: bóyá ìlà ibi tó ń dé ti ga ju bí ẹ ṣe rò lọ.